Orin Géèmù Lẹ́nu Gángan: Ìrírí Mi Lórí Ọ̀rọ̀ Àṣẹ

Ẹni tó bá fẹ́ tún orin inú géèmù lù, tó sì fẹ́ tà á, "Èló ni?" kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè. Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé, "Ṣé orin yìí ti jáde rí, yàtọ̀ sí inú géèmù?" Ọ̀rọ̀ owó ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Mo ti rí orin tí owó àṣẹ rẹ̀ kò le rárá, mo sì ti rí èyí tó jẹ́ pé kí a tó mọ ẹni tó yẹ kó gba owó ọ̀hún, irun fẹ́rẹ̀ẹ́ hu lórí ahọ́n wa.

Trọ́mpẹ́ẹ̀tì ni mò ń fọn. Ṣómólú ni sítúdíò wa wà, ní àdúgbò tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sinmi lójúmọmọ, nítorí náà ó di alẹ́ tí àwọn onítẹ̀wé bá ti ṣíwọ́ kí a tó lè gba ohùn sílẹ̀. Òde àríyá ló ń bọ́ wa: ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú àgbà. Ṣùgbọ́n èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ìdí géèmù la dàgbà sí. Ní Mushin nígbà náà, ilé kan ṣoṣo ní òpópónà wa ló ní ẹ̀rọ géèmù, ọmọ onílé sì máa ń gba owó lọ́wọ́ wa kí a tó fọwọ́ kan páàdì. Ẹni tí kò lówó á jókòó sílẹ̀, á máa wòran, á sì máa gbọ́ orin. Èmi ni mo máa ń jókòó jù. Orin yẹn wọ̀ mí lára ju èyí tí wọ́n ń fi sórí rédíò lọ. Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fèrè, kíbọ́ọ̀dù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gángan lù wọ́n, àwọn ènìyàn ní àwọn fẹ́ gbọ́ sí i, la bá ní ká ṣe odindi àwo orin kan.

Àwọn kan ní orin ọmọdé ni. Mi ò kì í bá wọn jiyàn lọ títí. Lọ́dún 2011, "Baba Yetu" tí Christopher Tin kọ fún géèmù Civilization IV gba Grammy, òun sì ni orin géèmù àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ The 8-Bit Big Band gba Grammy nítorí bí wọ́n ṣe tún orin kan to láti inú Kirby Super Star. Kọ́fà lásán ni ìyẹn o, orin ẹlòmíràn tí ènìyàn tún lù, irú èyí tí àwa náà ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òde àríyá Èkó, ẹ mọ̀ pé kò sí orin ẹni tí a kì í kọ níbẹ̀. Orin Ebenezer Obey, ti Sunny Adé, orin ìjọ, gbogbo rẹ̀ la máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ra tí a fi ń ki onínàáwó títí tí yóò fi tọwọ́ bọ àpò. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè àṣẹ. Bí ẹ bá dárúkọ kọpiráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní lórí iṣẹ́ rẹ̀, létí olórin ìlú yìí, àwọn tó ń da àwo olórin kọ ní Alaba nijọ́un ló máa wá sí i lọ́kàn. Àwọn yẹn ni olè. Kí ènìyàn kọ orin ẹlòmíràn lóde, iyì ni ó fi bù fún un. Èrò yẹn náà ló wà lọ́kàn àwọn boys wa nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ pé kí a tó gbé ohunkóhun síta, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ohun tí mo ṣàlàyé fún wọn ni pé ohun-ìní méjì ló wà nínú orin kan. Ọ̀kan ni orin fúnra rẹ̀, bí ẹnì kan ṣe jókòó tó kọ ọ́. Èkejì ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹ mú orin Super Mario Bros. tí Koji Kondo kọ lọ́dún 1985, èyí tí Library of Congress ní Amẹ́ríkà fi kún àwọn ohùn tí wọn yóò tọ́jú pa mọ́ lọ́dún 2023. Tí mo bá fi fèrè mi fọn ọ́n, mi ò fọwọ́ kan ohùn tó ti inú ẹ̀rọ jáde. Èémí tèmi ni mo gbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orin tí mo ń fọn yẹn, ó ní olóhun, ẹni tó ni ín. Ẹni tó kọ ọ́ sì lè máà jẹ́ olóhun rẹ̀, nítorí iṣẹ́ oṣù ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ orin géèmù ń ṣe, ilé-iṣẹ́ tó gbà wọ́n ló sì ni ohun tí wọ́n bá kọ. Nínú jùjú, tí ẹ bá ti mọ ẹni tó kọrin, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ti géèmù kò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní kí ló kan ará Ṣómólú kan òfin Amẹ́ríkà. Ibi tí a bá ti fẹ́ tajà, òfin ibẹ̀ ni yóò dé ọjà náà. Apá 115 nínú òfin kọpiráìtì wọn sọ pé bí olóhun bá ti gbà kí orin rẹ̀ jáde lórí àwo fún aráyé ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe sórí àwo tirẹ̀, olóhun kò sì lè kọ̀. Kí onítọ̀hún ṣáà fi ìwé tó o létí kí àwo náà tó jáde, kó sì san iye tí wọ́n ti dá. Láti 2006 títí dé òpin 2022, sẹ́ǹtì 9.1 ni fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Lọ́dún 2023 ó di sẹ́ǹtì 12, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún bí nǹkan ṣe ń wọ́n sí i.

Iye yẹn, orin tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ló wà fún. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọn yóò máa kà á, sẹ́ǹtì 2.31 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2023. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Àwa tí a kì í tíì parí ìjúbà ní ìṣẹ́jú márùn-ún! Tí a bá lu orin kan fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó ti di sẹ́ǹtì 20.79 lórí ẹ̀dà kan. Láti ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi ti ń gbé aago sórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń gbọ́ orin lórí Spotify àti irú rẹ̀ láìrà á, ilé-iṣẹ́ tó ni pèpéle náà ló ń san owó olóhun orin ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kó o fún àjọ kan tí wọ́n ń pè ní The MLC láti oṣù kìíní 2021. Ẹrù tiwa ni ti àwọn tó bá ra orin náà pátápátá, tàbí tí a bá tẹ àwo jáde.

Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ ni èyí. Òfin kan náà yẹn kò ka ohùn tó bá so mọ́ fíìmù tàbí àwòrán tó ń rìn kún àwo. Inú ìsọ̀rí yẹn ni géèmù bọ́ sí. Nítorí náà, bí ogún mílíọ̀nù ènìyàn tilẹ̀ ti ra géèmù kan, tí wọ́n sì ń fi imú kọ orin rẹ̀ nínú balùwẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò bá tíì gbé orin náà jáde lọ́tọ̀, lójú òfin yìí, orin náà kò tíì kúrò nílé. Kò sí ẹ̀tọ́ pé o lè kàn sanwó kí o máa lọ. O gbọ́dọ̀ wá olóhun lọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà fún ọ, ó sì lè ní òun kò gbà.

Orin tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò ní wàhálà. Géèmù ìjà kan láti Japan ló ti wá, wọ́n sì ti gbé àwo orin rẹ̀ jáde tipẹ́. Alágbàtà tó ń bá wa gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ojú ibi tí a ti máa sọ pé kọ́fà ni. A kọ orúkọ orin bó ṣe wà gan-an, a kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, a san dọ́là díẹ̀, ó parí. Káàdì ló fẹ́ dá wa dúró, nítorí àkókò yẹn ni àwọn báńkì dí káàdì náírà mọ́ owó òkèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní London ló bá wa san án.

Èkejì ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Géèmù kékeré kan ni, àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ló ṣe é ní Yúróòpù lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, orin rẹ̀ sì dùn débi pé ẹkún ti gbọ̀n mí nídìí rẹ̀ rí. Mo wá àwo rẹ̀ títí, kò sí. Mo tún fi géèmù náà ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nítorí kí n lè ka orúkọ tó máa ń yí lọ lójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn tó bá parí, mo sì fi fóònù ya ìlà tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ni kọpiráìtì sí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó kọ orin.

Ẹni tó kọ orin ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ó fèsì kíákíá. Inú rẹ̀ dùn; ó ní kí n fi ohun tí a ti ṣe ránṣẹ́ kí ìyá òun gbọ́ ọ. Ó bèèrè orúkọ ìlù tó ń dún bí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀ mọ́: òun ti fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ti ta ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tó rà á sì ti ta àwọn géèmù rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìfẹ́ tó ní sí wa kò lè ṣe nǹkan kan. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi irú ímeèlì yẹn hàn bí ẹni tó gba ìwé ilẹ̀: "Bọ̀ọ́dá, ẹni tó kọrin ti ní kò burú o!" Kò burú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, mo kọ̀wé sí àwọn tó rà á kẹ́yìn. Ohun kan tí mo mọ̀ báyìí ni pé lẹ́tà oríkì kò wúlò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kà á pé orin wọn tù mí nínú. Orúkọ orin, orúkọ géèmù, bó ṣe gùn tó, iye ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ ṣe, ibi tí ẹ fẹ́ tà á, bóyá fídíò wà níbẹ̀: ìyẹn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n dáhùn, owó tí wọ́n ní ká kọ́kọ́ kó sílẹ̀ ju gbogbo ohun tí a ná lórí àwo náà lọ. Mo bá bèèrè bóyá wọ́n ní i lọ́kàn láti gbé àwo orin géèmù náà jáde fúnra wọn, nítorí tí wọ́n bá ti gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà á là fún èmi àti ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kò sí nínú ètò àwọn. Mi ò bínú sí wọn. Ohun-ìní wọn ni. Ṣùgbọ́n kí orin tó dára tó bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní i títí a fi kọ̀wé, ó ń dùn mí.

Ti Tetris yàtọ̀ pátápátá. Orin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ géèmù yẹn, "Korobeiniki" ni, orin ìbílẹ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà. Inú ewì tí Nikolai Nekrasov kọ lọ́dún 1861 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá, akéwì náà sì kú lọ́dún 1878. Kò sẹ́ni tó ni orin yẹn mọ́. Àmọ́ bí Hirokazu Tanaka ṣe tò ó fún Game Boy lọ́dún 1989, iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ nìyẹn, ìyẹn ṣì ní olóhun. Mo ní kí àwọn boys gbàgbé géèmù. Ìwé orin àtijọ́ la fi kọ́ ọ, a gbọ́ bí àwọn akọrin Rọ́ṣíà ṣe ń kọ ọ́, a wá gbé e sórí ìlù tiwa. Kí a tó mọ̀, ó ti ń dún bí orin tí wọ́n fi ń sin ìyàwó.

Síbẹ̀, bí a ṣe gbé e sórí YouTube, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ní òun ló ni ín. Òun náà ti tún un lù tẹ́lẹ̀, ó fi tirẹ̀ sínú Content ID, ẹ̀rọ tí YouTube fi ń ṣọ́ orin olóhun, ẹ̀rọ náà wá gbọ́ ohùn tó jọra, ó ní tirẹ̀ ni. Mo takò ó, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé orin ìbílẹ̀ ni àti pé àwa la lu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti fèsì. Kò fèsì, ó bọ́ lọ́rùn wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe kọ́fà pé kó má fi sínú Content ID, kódà tí alágbàtà bá gbà fún un. Ẹni tó ń fi géèmù ṣeré níwájú kámẹ́rà rẹ̀ ní Ìbàdàn lè gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ rẹ lórí orin tí kì í ṣe tìrẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni ti gángan. Alẹ́ tí a fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún orin ará Japan yẹn, bàbá onígángan wa kọ́kọ́ tẹ̀ lé orin náà wẹ́rẹ́. Nígbà tí a ní kí wọ́n tún un lù, wọ́n gbé ìlù há abíyá dáadáa, wọ́n wojú mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá mi. Wọ́n pe orílẹ̀ wa, wọ́n pa òwe, wọ́n ní ẹsẹ̀ mi kò ní yọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò lè dá wọn dúró. Ta ló fẹ́ dá irú ẹ̀ dúró?

Nígbà tí wọ́n parí, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí a gbà, ẹ jọ̀ọ́, kò gbà wá láyè láti fi ọ̀rọ̀ kún un."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ìlù ni mo lù. Ẹnu mi wà ní pípadé."

"Bàbá, gbogbo wa la gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́. Ta ni yóò gbọ́ ọ ní Japan?"

Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Òfin Amẹ́ríkà yẹn gbà kí ènìyàn to orin sí bí eré tirẹ̀ ṣe rí, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yí kókó ohùn orin náà tàbí ìwà rẹ̀ padà. Mo gbé e lọ bá lọ́yà kan ní Yaba. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí adájọ́ wọn lọ́hùn-ún tó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n wá ẹni tó máa jẹ́rìí sí ohun tí ìlù wí. Lẹ́yìn ẹ̀rín, ó sọ ohun tó wọ̀ mí létí: kí n fi ti ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ná. Gángan kò lè sọ̀rọ̀ kó sì tún máa kọ orin ará Japan lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni yóò máa tẹ̀ lé. Níbi tí Bàbá ti ń ki ìyá mi, ohùn orin náà ti fò lọ. Ìyẹn ni olóhun lè mú wa sí.

A jọ jókòó, a yanjú rẹ̀ báyìí: oríkì náà dá dúró ní ojú tirẹ̀ lórí àwo, ó ṣáájú orin géèmù náà. Iṣẹ́ Bàbá ni, orúkọ wọn la kọ sí i, owó rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí orin ará Japan bá wọlé, gángan á wá máa rìn lẹ́yìn fèrè. Bàbá gbà, wọ́n ní ìjúbà ló sáà ń ṣáájú.

Fídíò, ọ̀tọ̀ ni. Àṣẹ tí a san fún orin kò dé ọ̀dọ̀ àwòrán. Kò sí iye tí òfin dá sílẹ̀ fún un, ọwọ́ olóhun ló kù sí. Lórí YouTube, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé olóhun á jẹ́ kí fídíò wà, á sì máa gba owó ìpolówó rẹ̀. Nígbà míì, wọ́n á bá ẹni tó gbé e síbẹ̀ pín in. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ má da ìyẹn pọ̀ mọ́ ìkìlọ̀ gidi tí YouTube ń fúnni lórí kọpiráìtì: mẹ́ta rẹ̀ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, ìkànnì yín ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ya iwájú àwo wa, onítẹ̀wé àdúgbò wa kan, ya ọkùnrin onírunmú kan tó dé fìlà pupa, Mario inú géèmù gan-an, ó gbé agbádá wọ̀ ọ́. Ó rẹwà. Mo ní kó fún mi fi kọ́ sára ògiri ilé, kó ya nǹkan mìíràn fún àwo. Ohùn owó tó máa ń dún nínú géèmù, tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ orin kan, a yọ òun náà. Agogo la fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin kan máa ń sọ pé òfin Nàìjíríà gbà wá láyè, pé ìlò tó tọ́ ni. Òfin kọpiráìtì tiwa ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kẹta 2023, fàyè sílẹ̀ lóòótọ́ fún ìlò ara ẹni, ìwádìí, àríwísí àti àwàdà. Èmi kò rí ibi tó ti fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta àwo. Òfin kan náà sì ní ọ̀nà tí olóhun lè gbà sọ fún ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ òun kúrò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ó dáàbò bo ẹni tó ń lu ìlù pẹ̀lú: a kò gbọ́dọ̀ gba eré rẹ̀ sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan àwo náà ló fọwọ́ síwèé, látorí Bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Orin géèmù kékeré yẹn kò sí lórí àwo. A máa ń lù ú lóde àríyá, níbi tó jẹ́ pé ọrùn ẹni tó ni gbọ̀ngàn ni àṣẹ ìlò orin wà, ọ̀dọ̀ àjọ tó ń gba owó fún àwọn olóhun orin ló sì yẹ kó ti gbà á. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń kọ̀wé sí mi. Ó ní ìyá òun ń bèèrè ìgbà tí àwo máa jáde.